Òfin Tí Mo Fẹnu Ara Mi Là Kalẹ̀ Ló Pa Mí Lẹ́nu Mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹkún kọ́ ni mo gbé wá. Bó bá jẹ́ ẹkún ni, ǹ bá ti sun ún tán, kí n nujú, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Ìríra ni. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, bí mo bá gbé oúnjẹ sẹ́nu, màá tún gbé abọ́ tì. Bí mo bá jáde sí ojúde ilé wa tí mo rí iná sólà tí wọ́n rì mọ́ àárín ibẹ̀, á máa ṣe mí bíi kí n tutọ́. Bí mo bá sì gbọ́ ohùn ọmọkùnrin kan báyìí nínú fóònù àwọn ọmọ ilé, ṣe ni mo máa ń wọ yàrá lọ, tí màá ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn mi yìí ni mo sì fi pọn ọmọ náà o! Ọṣẹ mi ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ láti ìkókó. Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣe òun nìkan ló ń rí mi lára. Àwọn àgbà ilé wa ń rí mi lára. Èmi alára ń rí ara mi lára.

Inú Ẹdẹ ni ilé wa wà, láàárín àwọn agboolé àtijọ́. Mùsùlùmí ni wá. Ọmọ ilé ni mí, n kì í ṣe ìyàwó ilé; nígbà tí ọkọ mi kú ni mo padà sílé bàbá mi. Ọṣẹ dúdú ni mo ń ṣe lẹ́yìnkùlé, ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi ń pè mí ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Èmi ni mo kọ́ ara mi ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, kò sẹ́ni tó rán mi nílé ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n mọ̀ mí mọ́ ju ọṣẹ lọ ni pé mo mọ ilé wa. Ta ló bí ta, ta ló fẹ́ ta, ta ló kọ́kọ́ gbé yàrá wo, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí mi. Yàrá ni mo fi ń tò ó. Màá bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, màá gba ọwọ́ ọ̀tún, màá máa kọjá lẹ́nu yàrá kọ̀ọ̀kan nínú ọkàn mi, orúkọ àwọn tó gbé ibẹ̀ á sì máa jáde sí mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá dá mi dúró láàárín, mo gbọ́dọ̀ padà sí ẹnu ọ̀nà kí n tún un bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Bí wọ́n bá bímọ nínú ilé wa, tí àwọn àlùfáà bá ti sọ orúkọ tí wọ́n ti ṣàdúà tán, wọn á gbé ọmọ náà fún mi. Màá dìde, màá rọra máa kì í, láti orí ẹni tó kọ́kọ́ wọlé yìí títí dé yàrá tí wọ́n ti bí òun gan-an. Ibi tí olúkúlùkù ti wá wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà níbẹ̀, àwọn obìnrin wọn wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo bá kì í tán ni àwọn ìyàwó ilé á tó hó yèè, tí wọn á máa gba ọmọ náà láti ọwọ́ dé ọwọ́. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ rí pé bó ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyẹn, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ tí wọn kò kì ní ojúde ilé wa, ojú àlejò ni wọn yóò máa fi wò ó.

Ní apá ìwọ̀ oòrùn agboolé wa, àwọn yàrá kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní yàrá Bàbá Ọlọ́kọ́. Òdìkejì odò Ọ̀ṣun ni bàbá náà ti wá ní ayé àwọn bàbá bàbá wa, tòun ti ọkọ́ lórí èjìká, ó ní kí wọ́n gba òun láyè kí òun máa bá wọn roko. Wọ́n gbà á. Wọ́n fún un ní ilẹ̀ lọ́nà Alájùé, wọ́n fún un ní yàrá, ó sì di ara ilé. Nígbà tó yá, bàbá tó bí mi fẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ràbíátù, ṣe ìyàwó kejì. Ràbíátù yìí, tí mò ń pè ní màmá, ló kọ́ mi ní ọṣẹ ṣíṣe. Òun ló sì kọ́ mi ní ìdajì nínú ohun tí mo mọ̀ nípa ilé wa, bí a bá ti jókòó ti ìkòkò eérú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ obìnrin yìí, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé e lórí.

Ọmọkùnrin tí mò ń wí, Sùràjù ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ni. Àbúrò mi yẹn àti èmi, bàbá kan náà ló bí wa, ìyá wa ni kì í ṣe ọ̀kan náà. Sùràjù já fáfá, ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, bó bá ń dá àpárá, ẹ ò ní fẹ́ kó dákẹ́. Iṣẹ́ ló wá lọ sí ìlú ńlá tí kò rí. Nígbà tó padà dé, ó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọmọ bíbí. Wọ́n ní àwọn tó tilẹ̀kùn iṣẹ́ mọ́ àwọn ni àwọn àtọ̀húnrìnwá. Wọ́n ní ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ kò bá sí lórí ilẹ̀ yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò gbọdọ̀ díje dupò, kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀, kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ìlú. Mo kọ́kọ́ rò pé eré ọmọdé ni. Àfìgbà tí Ràfíù, ọmọ ilé Bàbá Ọlọ́kọ́, sọ pé òun fẹ́ ṣe kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa.

Ilé yìí kan náà ni wọ́n ti tọ́ Ràfíù àti Sùràjù dàgbà. Inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Ìyá Ràfíù, opó bíi tèmi, ni ọ̀rẹ́ mi tí mo fọkàn tán jù lọ láyé. Ẹ wá gbọ́ ohun tí Sùràjù ń gbohùn rẹ̀ sílẹ̀ sọ nípa wọn, tó ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ẹbí. "Ẹ̀yin ẹbí mi, ṣé ẹ mọ àfòmọ́? Ó máa dúró sórí igi obì yín, á tutù yọ̀yọ̀, ẹ ó ní ewé tó dára ni. Igi yín ló ń mu! Kí la máa ń ṣe fún àfòmọ́? Ẹ dá mi lóhùn. Kí la máa ń ṣe fún un?" Àwọn ọmọ kéékèèké á sì máa pariwo lójúde pé, "Gígé ni!" Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ràfíù tó jẹ́ ọmọ ọdún mélòó kan náà wà láàárín wọn, ó ń dá wọn lóhùn, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń wí. Ọjọ́ yẹn ni ara mi kọ́kọ́ bù máṣọ. Ṣé ènìyàn là ń pè ní àfòmọ́?

Kò pẹ́ sígbà náà tí Ìyá Ràfíù dé oko rẹ̀ ní Alájùé tó rí i pé wọ́n ti gé gbogbo ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lulẹ̀. Wọn ò wú u lọ o, kì í ṣe olè. Wọ́n kàn gé e ni, ebè dé ebè, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó máa rọ níbẹ̀. Ó mú igi ẹ̀gẹ́ kan wálé, ó gbé e síwájú mi. Sùràjù ní òun kọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ lásán ni òun sọ, òun ò fọwọ́ kan àdá. Kò sí ẹni tó rí ẹni tó gé e.

Ni Baálé wa bá pe ìpàdé ẹbí. Ẹ wò ó, gbogbo wa la mọ ohun tó yẹ kí á ṣe lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí n dìde kí n bi Sùràjù pé, "Ìwọ, ta ni ìyá bàbá rẹ?" Nítorí Ràbíátù tí mo ní kí ẹ má gbàgbé rẹ̀, òun ló bí bàbá Sùràjù. Ọmọ Bàbá Ọlọ́kọ́ ni ìyá bàbá rẹ̀! Àwọn tó ń pè ní àfòmọ́, ẹ̀jẹ̀ wọn ló ń ṣàn lára rẹ̀. Àwa àgbàlagbà mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n, nítorí ó ti pẹ́ tí obìnrin náà ti kú. Kí ló dé tí mi ò sọ ọ́? Ó kó mi nírìíra ni. Mo wo Sùràjù níbi tó jókòó sí, tó ń fi fóònù rẹ̀ ṣeré, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ṣé èmi ni màá máa bá eléyìí jiyàn? Ṣé màá wá gbé orúkọ ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ jókòó síwájú irú ẹnu báyìí? Mo rí ara mi bí ẹni tó fẹ́ bọ́ sínú gọ́tà. Mo ní ohun tó dára jù ni ká pa ẹnu náà dé.

Bọ̀ọ̀dá Làsísì nìkan ló ta kò mí, ẹni tó ti ṣe tíṣà rí tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹni tó gé ẹ̀gẹ́, ẹ jẹ́ ká wá a, ká fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹni tó ní kí wọ́n gé e náà, ẹ jẹ́ ká dì í mú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ ilé ta sì ni àlejò, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ níbí, lójú wa, ká dá a lóhùn níṣojú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Tí ẹ bá ní kó dákẹ́, ìta ló máa lọ. Ta ló máa wá dá a lóhùn níta?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa kọ́ wọn ní kíláàsì yín lọ. Wọ́n ti gé oko, ẹ ṣì ń sọ pé ká jókòó ká máa fèsì." Gbogbo ilé bá rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ní, "Ó dáa o. Ẹ̀yin lẹ mọ ilé."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kí n la òfin náà kalẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé n kì í fi nǹkan sílẹ̀ láìdì í. Mo ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ibi tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa ti ṣẹ̀ wá, yálà ní ìpàdé tàbí nínú fóònù tàbí níbi ayẹyẹ. Ẹni tó bá rú u, a ò ní bá a dá sí ọ̀ràn kankan mọ́. Baálé ní ó ti tó. Èmi ni mo ní kò tíì tó. Mo rò pé Sùràjù gbọ́n féfé, pé ó lè fi ìyìn bo èébú mọ́lẹ̀. Ni mo bá fi kún un pé, "Ì báà jẹ́ ní rere, ì báà jẹ́ ní búburú." Ẹ gbọ́ o! Ẹnu èmi yìí ni gbólóhùn yẹn ti jáde. A ní kí ẹni tó fara mọ́ ọn nawọ́. Sùràjù ló kọ́kọ́ nawọ́. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ìyá mi, ẹ ṣeun gan-an. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn." Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun. Mo wọ yàrá mi, mo sùn fọnfọn.

Òótọ́ ni pé kò sọ ọ́ nínú ilé mọ́. Oríta Ṣẹ́kọ́nà ló ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ, ó so ó mọ́ orí ọkọ̀, ó ń sọ èyí tó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ọmọ ilé wa sì ń gbọ́ ọ nínú fóònù àwọn ẹlòmíràn. Ta la fẹ́ fi òfin agboolé mú ní Ṣẹ́kọ́nà? Ọ̀gá òṣèlú tó wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn wá kí Baálé wa, ó ri iná sólà mọ́ ojúde, ó gbé àpò ìrẹsì kalẹ̀. Àwọn àgbà tó ń fi orí mì nígbà tí mò ń la òfin kalẹ̀, àwọn náà ló ń pín ìrẹsì lábẹ́ iná yẹn, tí wọ́n ń ní, "Ọmọ wa ń gbìyànjú o, ó kàn jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ le díẹ̀ ni." Ẹnu rẹ̀ le! Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gé kò tíì gbẹ tán lóko.

Ìyàwó Ràfíù wá bímọ, ọkùnrin làǹtìlanti. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn àlùfáà sọ orúkọ, wọ́n ṣàdúà, wọ́n ṣe àmín. Ìyá Ràfíù fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ náà wá bá mi. Ó ti we gèlè tuntun. Láti ìgbà tí wọ́n ti gé oko rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀. Mo gba ọmọ náà, mo dìde, mo ti dé ẹnu ọ̀nà àbáwọlé nínú ọkàn mi, mo ti la ẹnu. Sùràjù wúkọ́ láti ẹ̀yìn, ó kọjú sí Baálé. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Mo kàn fẹ́ rán yín létí òfin ilé ni. Níbi ayẹyẹ, wọ́n ní. Ì báà jẹ́ ní rere." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ọmọ gidi. Mo wo Baálé. Baálé wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣẹ́ ọwọ́ sí mi pé kí n jókòó, ó ní, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ̀yin náà lẹ ṣòfin yẹn."

Mo jókòó. Ẹ dákun, ẹ má wá àwáwí fún mi, nítorí kò sí. Mo jókòó tọmọtọmọ. Àwọn ìyàwó ilé tó ti ń múra láti hó yèè kàn ń wo ara wọn, ọ̀kan nínú wọn ló ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé oúnjẹ bọ̀ jàre." Ìyá Ràfíù na ọwọ́, ó gba ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó fi etí gèlè bo ojú ọmọ náà bí ẹni pé oòrùn ń pa á. Oòrùn kankan ò sí níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó jáde nínú fóònù kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ohùn Sùràjù ni. "Ẹ̀yin ènìyàn mi, mi ò sọ nǹkan kan o, mo ń pa òfin mọ́. Ìbéèrè ni mo fẹ́ bi yín. Ìyá wa tó mọ gbogbo ilé, tó máa ń ki gbogbo ọmọ, kí ló dé tó jókòó lórí ti eléyìí? Àbí kò rí nǹkan kan kì ni? Ẹ bá mi rò ó o." Ìdákẹ́ mi ló fi ṣe ẹ̀rí! Irọ́ tó ti ń pa láti ìgbà yìí, èmi ni mo wá bá a fọwọ́ sí i. Ohun kan ṣoṣo tó lè dá a lóhùn wà lẹ́nu mi, èmi náà ni mo sì fi òfin dè é. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, mo bì. Ní tòótọ́ ni mo wí, mo bì sẹ́bàá ìkòkò ọṣẹ.

Ìyá Ràfíù kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí Àrá, ìlú àwọn òbí rẹ̀, òun, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ọmọ tuntun náà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní òun ò bá mi jà. Ràfíù nìkan ló kù tó ń wá wo yàrá. Kò ṣe kánsẹ́lọ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ oòrùn ilé wa ti dá páropáro.

Ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Ìyàwó Sùràjù ti bí ọmọbìnrin báyìí. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n máa sọ ọ́ lórúkọ. Lánàá ni Baálé wá jókòó sí yàrá mi, ó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀síbáà rẹ̀ ṣeré, ó ní kí n múra láti ki ọmọ náà. Mo ní, "Baálé, òfin ńkọ́?" Ó ní, "Háà, Ìyá Ọlọ́ṣẹ! Nítorí àwọn tó ń fa wàhálà la ṣe ṣòfin. Ti ọmọ yìí yàtọ̀. Ta ló fẹ́ bá ọmọ bíbí ilé jà?" Ó tún ní ọ̀gá òṣèlú náà máa wà níbẹ̀, kí n kì í dáadáa. Nígbà tó jáde, mo ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn gbá yàrá.

Mo kọ́kọ́ rò ó pé màá lọ. Màá gbé ọmọ náà dání, màá kì í láti yàrá dé yàrá, bí mo bá sì dé orí ìyá tó bí bàbá bàbá rẹ̀, màá pe Ràbíátù ọmọ Bàbá Ọlọ́kọ́ kí gbogbo ojúde gbọ́. Kí ọ̀gá wọn gbọ́. Kí ojú ti Sùràjù débi tí kò ní lè gbé e sókè mọ́. Ọkàn mi dùn sí i débi pé mo wọ ọkọ̀ lọ sí Àrá láàárọ̀ òní láti lọ sọ fún Ìyá Ràfíù. Ó ń yan gààrí lọ́wọ́. Ó gbọ́ mi tán, kò dáwọ́ dúró. Ó ní, "O fẹ́ fi òkú wa bá ọmọ ẹ jà."

Mo ní, "Òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ."

Ó ní, "Òtítọ́ náà wà lọ́wọ́ ẹ nígbà tí o gbé ọmọ ọmọ mi dání. O jókòó lé e." Ó ro gààrí rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kí ló wá ṣe ìkókó tí wọ́n bí lánàá? Ṣé òun ló gé ẹ̀gẹ́ mi? Ọ̀rẹ́ mi, tí o bá fẹ́ la ẹnu, ọmọ tí o dákẹ́ lé lórí ni kí o kọ́kọ́ là á fún. Ní ojúde yẹn náà, kì í ṣe nínú yàrá, kì í ṣe níbí. Títí dìgbà náà, má wá bá mi sọ òtítọ́."

Mo ti ń rò ó láti ìgbà tí mo ti dé. Ẹ̀yin tí ẹ ní agboolé, tí ẹ ní ẹgbẹ́, tí ẹ ní ìlú tí ẹ ń ṣòfin fún, mo bẹ̀ yín, bí ọ̀rọ̀ ìríra bá wọ àárín yín, ẹ má ṣe bíi tèmi. Ẹ mú ẹni tó gé oko. Ẹ mú ẹni tó ní kí wọ́n gé e. Ṣùgbọ́n irọ́ tó ń pa, ẹ dá a lóhùn níbẹ̀ náà, bó ti wù kó rí yín lára tó, kí ẹ tó wá rí i pé ẹ̀yin nìkan ni òfin yín mú. Ìmọ́tótó ni mo pe òfin tèmi. Ẹ wo ibi tó gbé mi dé.

Mo ti ránṣẹ́ sí Ràfíù pé kó gbé ọmọ tuntun rẹ̀ wá láti Àrá lọ́jọ́ Sátidé, ṣáájú ti Sùràjù. Yálà Baálé fẹ́ tàbí kò fẹ́, ojúde ni màá dúró sí, lábẹ́ iná wọn yẹn. Ẹnu ọ̀nà ni màá ti bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá sì dá mi dúró láàárín, màá padà sí ẹnu ọ̀nà màá tún un bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá tìtorí rẹ̀ yà mí sọ́tọ̀, wọn ò purọ́ mọ́ mi, èmi ni mo ṣòfin. Ti ọjọ́ Àìkú ni mi ò mọ̀. Ọmọbìnrin náà kò ṣẹ mí. Orúkọ Ràbíátù sì tọ́ sí i, bó ti tọ́ sí gbogbo ọmọ ọmọ rẹ̀. Ṣé mo lè gbé ọmọ Sùràjù dání, kí n pe ìyá ńlá rẹ̀ fún un, kí ó jẹ́ pé ìfẹ́ ọmọ náà nìkan ni mo fi pè é? Ẹ bá mi dá sí i, nítorí mo ti yẹ ọkàn mi wò, bàbá rẹ̀ ṣì ń rí mi lára.